Tìróò Ni Wọ́n Ń Pè Bẹ́ẹ̀ Tẹ́lẹ̀: Ibi Tí Ọ̀rọ̀ ‘Alcohol’ Ti Wá

Ọmọbìnrin kan tó wà ní SS2 ló bi mí ní ìbéèrè yìí lẹ́yìn tí a kírun Àsárì tán ní mọ́sáláásí kan ní Igbókọ̀dá. Ó ní olùkọ́ kẹ́mísìrì àwọn kọ ọ́ sójú pátákó pé inú èdè Lárúbáwá ni ọ̀rọ̀ tí Òyìnbó ń pè ní alcohol ti wá. Ni gbogbo kíláàsì bá yíjú sí òun, nítorí òun nìkan ló ń bo orí níbẹ̀. Ọmọkùnrin kan wá sọ pé, “Ẹ ní ọtí ò dáa, ẹ̀yin náà lẹ sì fún un lórúkọ.” Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

“Ààfáà, ṣé òótọ́ ni, àbí olùkọ́ wa ló ń ṣeré?”

Mo ní òótọ́ ni, inú èdè Lárúbáwá ló ti wá, àmọ́ ọtí kọ́ ni wọ́n fún lórúkọ náà. Tìróò ni. Ìyá ọmọ náà tó jókòó tì í, tí tìróò ojú tirẹ̀ dúdú mìnìjọ̀, rẹ́rìn-ín, ó ní, “Èyí tí mo lé yìí, Ààfáà?” Mo ní èyí náà ni, màmá. Ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ ojú omi tó máa gbé àwọn èèyàn padà sí apá Ayétòrò sì ti ń pariwo, n kò lè ṣàlàyé tán. Mo wá ṣèlérí pé màá kọ ọ́ síbí.

Al-kuḥl ni ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó bá lọ sí ilé kéwú mọ̀ pé “al” tó wà níwájú kì í ṣe ara ọ̀rọ̀ gan-an, ó kàn ń tọ́ka sí nǹkan ni. Kuḥl ni ìyẹ̀fun dúdú tí àwọn Lárúbáwá ń lé sí ẹ̀gbẹ́ ìpéǹpéjú, ohun tí Yorùbá ń pè ní tìróò. Ẹni tí ìpéǹpéjú rẹ̀ dúdú láti inú ìyá rẹ̀ wá, tí kò ní kó lé ohunkóhun, akḥal ni wọ́n ń pè é. Láyé àtijọ́, kaḥḥāl ni wọ́n ń pe dókítà ojú, ìyẹn ẹni tó ń fi tìróò ṣiṣẹ́, nítorí oògùn ojú ni tìróò lọ́wọ́ wọn kó tó di ẹ̀ṣọ́. Ọ̀kan tó lókìkí jù nínú wọn ni ʿAlī ibn ʿĪsā al-Kaḥḥāl tó gbé ní Baghdad, ní nǹkan bí 1,000 ọdún sẹ́yìn. Ìwé tó kọ lórí àìsàn ojú, Tadhkirat al-Kaḥḥālīn, di ohun tí wọ́n túmọ̀ sí èdè Látìnì, àwọn dókítà ilẹ̀ Yúróòpù sì kà á fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún.

Báwo ni ìyẹ̀fun ojú ṣe wá di ohun mímu? Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe tìróò ná. Òkúta ni. Wọ́n á gún un, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á jọ̀ ọ́, títí yóò fi kúnná débi pé ojú kò ní mọ̀ pé nǹkan wọ òun. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá, nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù ń túmọ̀ ìwé Lárúbáwá ní ìlú Toledo ní Sípéènì, irú Gerard ará Cremona tó kú lọ́dún 1187, ọ̀rọ̀ púpọ̀ ni wọn kò rí ìtumọ̀ fún nínú èdè Látìnì. Wọ́n bá gbé wọn bí wọ́n ṣe wà, tàwọn ti “al” iwájú wọn. Kí ẹnikẹ́ni má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ohun tí àwa náà ṣe nìyẹn. Àlàáfíà, àlùbáríkà, àlùwàlá, títí dé àlùbọ́sà tí à ń gé sínú ọbẹ̀, “al” àwọn Lárúbáwá ló wà níwájú gbogbo wọn, tí a kò sì rántí mọ́.

Lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ Yúróòpù, alcohol kọ́kọ́ jẹ́ tìróò, lẹ́yìn náà ó di orúkọ fún ohunkóhun tí a bá lọ̀ kúnná bíi tìróò, bí àwa náà ṣe ń pe gbogbo ọṣẹ oníyẹ̀fun ní Omo, ilé iṣẹ́ yòówù kó ṣe é. Ìtumọ̀ yìí ni ọ̀rọ̀ náà ní nígbà tó kọ́kọ́ wọnú ìwé èdè Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọdún 1540 sí 1550: ìyẹ̀fun tó kúnná. Láti ibẹ̀, ó tún sún síwájú. Wọ́n ní tó bá jẹ́ pé ohun tó kúnná jù, tó mọ́ jù nínú òkúta ni à ń pè ní alcohol, a jẹ́ pé ohun tó mọ́ jù nínú nǹkan mìíràn náà lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Paracelsus, dókítà ará Switzerland tó kú lọ́dún 1541, ló wá lo orúkọ náà fún ohun tó ń jáde lára wáìnì tí a bá sè é tí a sì gba ooru rẹ̀. Alcohol ti wáìnì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é, bí ẹni ń sọ pé “ògidì wáìnì”. Ó tó 200 ọdún tí wọ́n fi ń pè é pẹ̀lú wáìnì lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó yá, ẹnu kúrú, wọ́n ju wáìnì nù, ó ku alcohol. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì sọ ọ́ di orúkọ ìdílé ńlá kan, tí ọ̀pọ̀ nǹkan tí kò ṣeé mu rárá wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìdílé yìí ṣe pàtàkì, a ó padà sórí rẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú àwọn òǹkàwé wa yóò fẹ́ bá mi jiyàn níbí. A ti ń gbọ́ ọ nínú wáàsí pé ọ̀rọ̀ náà kò ti ara al-kuḥl wá, pé al-ghawl ló jẹ́, èyí tó wà nínú Súrátu Sọ́fàátì, áyà 47, níbi tí Ọlọ́hun ti ń ṣàpèjúwe ohun mímu àwọn ará Àlùjánnà pé kò ní ghawl nínú, ìyẹn ohun tó ń da ara tàbí ọpọlọ rú. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ó sì bá ìdí ọ̀rọ̀ mu. Èmi náà gbà á gbọ́ nígbà tí mo ṣì wà ní ilé kéwú. Àmọ́ ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ní láti ṣàlàyé ìdí tó fi jẹ́ pé ìyẹ̀fun ni alcohol túmọ̀ sí nínú ìwé àwọn Òyìnbó fún ìgbà pípẹ́ kó tó kan ọ̀rọ̀ ọtí. Ó tún ní láti ṣàlàyé èdè àwọn ará Sípéènì, tó jẹ́ pé alcohol náà ni wọ́n pe tìróò, tí alcoholar sì túmọ̀ sí kí èèyàn lé tìróò. Kò sí ẹni tó lè lé ghawl sójú. Ohun tó da ọ̀rọ̀ rú ni pé àwọn Lárúbáwá òde òní fúnra wọn ti gba ọ̀rọ̀ náà padà lọ́wọ́ Òyìnbó, wọ́n ń pè é ní kuḥūl. Ọmọ ilé ló lọ sí ìdálẹ̀, tó padà wálé pẹ̀lú ìwà tí wọn kò mọ̀ mọ́ ọn.

Khamr ni orúkọ tí àwọn Lárúbáwá fún ọtí ní tiwọn. Èyí tí wọ́n bá sè tó sì kán tótó, wọ́n ń pè é ní ʿaraq, ìyẹn òógùn, nítorí bó ṣe ń kán bí òógùn lára ìkòkò.

Ẹni tó bá ti wọ inú àwọn ìletò etí omi Ìlàjẹ, láti Àtìjẹ́rẹ́ títí dé Ùgbò àti Máhìn, á mọ òógùn tí mò ń sọ. Igi ògùrọ̀ pọ̀ nínú irà wọn. Wọ́n á dá ẹmu lára rẹ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó kan, wọ́n á dà á sínú dọ́rọ́ọ̀mù, wọ́n á dé e pa, wọ́n á sì koná mọ́ ọn nídìí. Páìpù kan ni yóò yọ lórí dọ́rọ́ọ̀mù náà, tí yóò gba inú omi tútù kọjá. Omi ń hó ní 100 lórí ìwọ̀n Celsius, ohun tó ń pani nínú ẹmu náà sì ń hó ní nǹkan bí 78. Nítorí náà òun ló ń kọ́kọ́ di ooru jáde. Nígbà tó bá kan òtútù nínú páìpù, á di omi padà, á máa kán sínú kẹ́ẹ̀gì. Ògógóró nìyẹn. Kò sí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan ní ẹkùn yẹn tó yẹ kí ó kùnà ìbéèrè lórí bí ooru ṣe ń di omi, bí ó bá jẹ́ pé ohun tó wà lẹ́yìn ilé ni wọ́n fi ń kọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tún wà lára ohun èlò yìí. Ohun tí Òyìnbó ń pè ní alembic, al-anbīq ni, tí àwọn Lárúbáwá fúnra wọn gbà lọ́dọ̀ àwọn Gíríìkì. Ìkòkò tó ń jókòó lórí iná lábẹ́ rẹ̀, qarʿ ni, orúkọ tó jẹ́ ti èso akèrègbè, nítorí ó yọ ikùn, ó sì ní ọrùn bíi tirẹ̀. Al-Rāzī, dókítà tó kú ní nǹkan bí ọdún 925, ṣàpèjúwe àwọn méjèèjì nínú ìwé rẹ̀. Ṣáájú rẹ̀, al-Kindī kọ odidi ìwé kan lórí bí a ṣe ń fi irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ ṣe lọ́fínńdà. Omi òdòdó rósì ni ọ̀pọ̀ wọn ń sè. Ìmọ̀ kan náà ni, ohun tí kálukú dà sínú ìkòkò ló yàtọ̀.

Lórílẹ̀-èdè wa, láàárín ọdún 1930 sí 1939 ni sísè ògógóró gbilẹ̀ gan-an. Owó orí tí ìjọba amúnisìn gbé lé jíìnì òkè òkun ti mú kó wọ́n, owó sì ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́ aráàlú. Wọ́n fòfin dè é, wọ́n ń ti àwọn èèyàn mọ́lé nítorí rẹ̀, ó sì sá wọnú irà àti etí omi, níbi tí ọlọ́pàá kò ti lè gbá ẹnikẹ́ni mú láìjẹ́ pé ó mọ ọkọ̀ wà. Ẹ̀sìn wa kò jẹ́ kí a fi ọwọ́ kan an. Síbẹ̀ mo mọ̀ pé owó ògógóró ló rán ọ̀pọ̀ ọmọ ẹkùn náà nílé ẹ̀kọ́. Ìdí ọ̀rọ̀ kì í ṣe láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ níbí.

Ohun tó mú kí n má lè fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ìtàn lásán ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Òde-Ìrèlè, ìlú kan tí kò jìnnà sí Ìlàjẹ, ní oṣù kẹrin ọdún 2015. Àwọn èèyàn kan bẹ̀rẹ̀ sí ní orí fífọ́, ojú wọn ń ṣú, wọn kò rí nǹkan kedere mọ́, lẹ́yìn náà wọ́n á dákú. Àwọn mìíràn kò lò ju ọjọ́ kan lọ kí wọ́n tó kú. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó kéré tán, èèyàn 18 ti kú. Àwọn kan ní ìbínú òrìṣà ni. Àwọn kan ní Ebola ti padà dé. Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ́kọ́ rò pé oògùn tí wọ́n fi ń pa koríko inú oko ni. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ àwọn aláìsàn wò nílé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn Yunifásítì Èkó, methanol ni wọ́n bá níbẹ̀. Inú ògógóró ló wà. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí irú rẹ̀ tún pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìpínlẹ̀ Rivers, ni ìjọba àpapọ̀ bá fòfin de ṣíṣe àti títà ògógóró ní oṣù kẹfà ọdún náà.

Methanol wà nínú ìdílé ńlá tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan. Àbúrò ni fún ethanol, èyí tó wà nínú ọtí. Orúkọ tirẹ̀ kò ti ọ̀dọ̀ Lárúbáwá wá. Àwọn onímọ̀ méjì ará Faransé, Dumas àti Péligot, ló hun ún pọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1834, láti ara ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì, ọ̀kan fún wáìnì, èkejì fún igi, nítorí pé láti ara igi tí a fi ooru sè ni wọ́n ti ń rí i. “Ọtí igi” ni ká kúkú pè é. Ilé iṣẹ́ ń lò ó fún ọ̀dà àti oríṣìíríṣìí nǹkan. Kò yàtọ̀ sí ethanol lójú, òórùn rẹ̀ kò sì lè fi í hàn fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí oníwọra fi lè dà á sínú ògógóró kó lè pọ̀, tàbí kó lè le sí i. Nínú ara èèyàn, ẹ̀dọ̀ á sọ ọ́ di ásíìdì kan, ásíìdì yìí á sì ba iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ jẹ́. Ìwọ̀n tí kò ju ṣíbí ìtíì méjì lọ lè fọ́ èèyàn lójú. Mo ka èyí, mo dìde kúrò níbi tí mo jókòó. Orúkọ oògùn ojú ni wọ́n gbé fún ìdílé yìí, ọ̀kan nínú ọmọ ìdílé náà ló ń fọ́ni lójú.

Ẹni tó bá mu irú rẹ̀ lè má mọ nǹkan kan fún wákàtí 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ó bá ní ojú òun ń ṣú, inú ń run òun, tí èémí rẹ̀ sì ń yára, ẹ má ṣe fún un ní epo pupa tàbí àgbo. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn ní kíá, kí ẹ sì sọ òótọ́ fún dókítà nípa ohun tó mu. Mo mọ̀ pé ìtìjú lè mú kí ìdílé Mùsùlùmí pa ẹnu mọ́. Oògùn tó ń dá methanol dúró wà, wọ́n sì lè fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀, àmọ́ àfi tí dókítà bá mọ ohun tó ń wá.

Ó wá ku ohun tí àwọn ìyá ń bi wá jù. Wọ́n á ra ìpara fún ọmọ, wọ́n á ka ara ike rẹ̀, wọ́n á rí “cetyl alcohol”, wọ́n á sì gbé e síta. Ẹ gbé e padà wọlé. Èyí dà bí òrí tó gbẹ, kò lè pa ẹnikẹ́ni, kò sì ṣeé mu. Chevreul, ará Faransé, ló rí i lọ́dún 1817 lára ọ̀rá àbùùbùtán, ẹranko ńlá inú òkun, orúkọ ẹranko náà nínú èdè Látìnì ni wọ́n sì fi pè é. Lónìí, láti ara epo ọ̀pẹ tàbí ti àgbọn ni wọ́n sábà ń ṣe é. Nínú òfin ẹ̀sìn wa, ohun tó ń bo ọpọlọ mọ́lẹ̀ ni khamr, orúkọ tí Òyìnbó kọ sára ike kọ́ ló ń sọ nǹkan di haráàmù. Ti ethanol inú lọ́fínńdà àti èyí tí a fi ń pa ọwọ́, àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lórí bóyá ó jẹ́ nájísì. Ẹni tó bá yàn láti yẹra fún un lè ra turàrè olóròóró, kó má sì bú ẹni tó lò ó.

Tìróò fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ fi ṣe ìkẹyìn, nítorí pé lójú tèmi, òun ló sún mọ́ ilé wa jù. Hádíìsì wà tó yin ithmid, òkúta kan tí wọ́n fi ń ṣe tìróò, pé ó ń jẹ́ kí ojú ríran, ó sì ń hu irun ìpéǹpéjú. A gbà. Àmọ́ ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà wa lórúkọ tìróò, lọ́pọ̀ ìgbà, òkúta òjé ni. Lọ́dún 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọkùnrin kan tó jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́fà wò, àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Wọ́n rí òjé nínú rẹ̀. Tìróò tí wọ́n ń lé fún un láti kékeré, tí wọ́n mú láti ilé wá, ni wọ́n gbé lọ fún àyẹ̀wò, ó lé ní 80 nínú 100 rẹ̀ tó jẹ́ òjé. Àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà gbé e jáde lọ́dún 2012. Ọmọ máa ń fi ọwọ́ ra ojú, á fi ọwọ́ náà sẹ́nu. Òjé kì í tètè kúrò lára, ó sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́ láìsí ariwo. Ẹni tó bá rántí Zamfara lọ́dún 2010, níbi tí òjé inú ilẹ̀ tí wọ́n ti ń wa góòlù ti pa ọmọ tó tó 400 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Lílé tìróò fún ọmọ jòjòló kì í ṣe sunna. Àṣà ni, ó sì ṣeé fi sílẹ̀. Àgbàlagbà tó bá fẹ́ lé e, kó béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe é, kó má ra ìyẹ̀fun inú ìgò tí kò ní orúkọ ẹni tó ṣe é lára.

Mo pe ìyá ọmọ yẹn lórí fóònù kí n tó fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́, mo bi í níbi tó ti ra tirẹ̀. Ó ní obìnrin kan ló ń gbé e kiri nínú abọ́ lọ́jọ́ ọjà Igbókọ̀dá, àwọn kò bi í léèrè rí. Ó ní òun ti gbé e kúrò níbi tí ọwọ́ ọmọ ọmọ òun lè tó. Ọmọbìnrin náà gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun ti sọ ti tìróò ní kíláàsì, olùkọ́ sì ní kí òun wá ibi tí algebra ti wá. Mo ní kí ó fún mi di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.